Kìlómítà 38 lórí òkè gbígbẹ láìsí omi lọ́nà: báwo ni kí a ṣe tò ó?

Arìnnàjò béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà nínú ìrìn ọ̀nà jíjìn, mo kí yín o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń múra láti fẹsẹ̀ rin ìbẹ̀rẹ̀ Pacific Crest Trail, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ní ìparí oṣù Kẹrin, láti Campo lẹ́bàá ibodè Mẹ́síkò títí dé Warner Springs. Ọ̀nà náà lápapọ̀ gùn tó nǹkan bíi 4,265 kìlómítà títí dé ilẹ̀ Kánádà, ṣùgbọ́n nǹkan bíi kìlómítà 176 àkọ́kọ́ nìkan ni a fẹ́ rìn. A ti rin òkè rí, àmọ́ òkè ibi tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa ni, níbi tí ènìyàn ti máa ń gbọ́ ìró omi kí ó tó rí i.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú nínú gbogbo ètò yìí. Láti Scissors Crossing ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, ọ̀nà náà gun San Felipe Hills lọ, ó sì di Barrel Spring kí a tó tún rí ìsun omi. Ó tó kìlómítà 38. Mo ti wo máàpù títí, n kò rí odò, n kò rí ìsun, n kò sì rí igbó kankan tí a lè forí pamọ́ sí. Lítà mélòó ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa gbé, nígbà tí lítà omi kan jẹ́ kílò kan gééré, tí ẹrù tí ó wà lẹ́yìn wa tẹ́lẹ̀ kò sì fúyẹ́? Ọ̀rẹ́ mi ní kí a mu omi yó ní òwúrọ̀ kí a lè gbé díẹ̀ dání. Èmi ní tèmi rò pé bóyá ó sàn kí a rin gbogbo rẹ̀ ní òru. Mo tún gbọ́ pé àwọn aláàánú kan máa ń kó omi sí ibi tí wọ́n ń pè ní Third Gate, tí ó ti kọjá ìdajì ọ̀nà náà díẹ̀. Ṣé a lè gbẹ́kẹ̀ lé e? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Olókè dáhùn pé:

Ẹ kú ètò o, Arìnnàjò. Inú mi dùn pé ọjọ́ yìí gan-an ni ẹ mú jáde, nítorí ó tó ohun tí ènìyàn ń ronú lé lórí kí ó tó kúrò nílé. Ẹni tí ó bá ti rìn láti Campo dé Scissors Crossing ti ní ẹsẹ̀ tí ó lè rin kìlómítà 38, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí gígùn rẹ̀ bà yín lẹ́rù. Iye wákàtí tí ẹ óò fi wà nínú oòrùn láìrí omi tuntun ni ó yẹ kí ẹ máa ṣírò, òun náà ni ó sì yẹ kí ẹ dínkù, kódà bí ìrìn náà yóò bá tìtorí rẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ di ọjọ́ kejì.

Ó dára kí ẹ mọ ìdí tí ibẹ̀ fi gbẹ. Atẹ́gùn tí ń gbé òjò bọ̀ láti orí òkun Pàsífíìkì máa ń kọlu ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bí ó ti ń gòkè ni ó ń tutù, ibẹ̀ náà ni ó sì ń da omi inú rẹ̀ sí. Nígbà tí yóò bá fi ré òkè kọjá sí ìhà ìlà-oòrùn, omi ti tán nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ óò fi máa rìn láàárín igi páìnì ní Mount Laguna, tí kò sì ní pẹ́ tí ẹ óò fi bá ara yín láàárín káktọ́sì àti iyanrìn. Láti Mount Laguna dé Scissors Crossing, ẹ óò ti sọ̀ kalẹ̀ ju 1,000 mítà lọ, ooru sì máa ń fi nǹkan bíi ìwọ̀n mẹ́fà sí mẹ́wàá lórí òṣùwọ̀n Celsius lé sí i fún irú ìsọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi òtútù orí òkè díwọ̀n omi tí yóò gbé lọ sí ìsàlẹ̀, omi rẹ̀ kò ní tó.

Ní ti àkókò, òfin kan wà tí William Naismith, ará Scotland, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1892: wákàtí kan fún nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún nǹkan bíi 600 mítà tí a bá gùn. Òfin náà wúlò títí di òní, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ tí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá ni ó bá mu. Ẹni tí ó gbé lítà omi mẹ́fà tàbí méje gun òkè nínú ooru, kí ó ka kìlómítà mẹ́ta ààbọ̀ sí wákàtí kan.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gé ìrìn náà sí méjì, kí ẹ sì jẹ́ kí òru wà láàárín. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń rin ọ̀nà yìí máa ń bá ọkọ̀ lọ sí ìlú Julian láti Scissors Crossing. Ẹ lọ sinmi níbẹ̀ ní ọ̀sán, ẹ jẹun, ẹ pọn omi yín kún, nítorí odò kékeré tí ó wà ní Scissors Crossing fúnra rẹ̀ máa ń gbẹ, kì í sì í ṣe omi tí ènìyàn ń fọkàn tán. Ẹ padà sí ojú ọ̀nà ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ gun òkè náà nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ óò ti rin nǹkan bíi kìlómítà 14. Ẹ pàgọ́ níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, ẹ sùn, kí ẹ sì ti wà lẹ́sẹ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Kí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tó lù, ẹ óò ti rin kìlómítà 20 mìíràn, ohun tí yóò sì ṣẹ́kù kò ní ju kìlómítà mẹ́rin lọ.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ṣe fún omi yín. Nínú atẹ́gùn tútù, nǹkan bí ìdajì lítà máa ń tó ènìyàn fún wákàtí kan ìrìn. Nínú oòrùn ọ̀sán lórí òkè tí kò níbòòji, ó lè sún mọ́ lítà kan. Ẹni tí ó bá gbéra ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tí ó sì rìn títí di ìrọ̀lẹ́ yóò nílò lítà mẹ́sàn-án, ìwúwo lítà mẹ́sàn-án náà yóò sì fà á sẹ́yìn débi tí yóò tún fi pẹ́ sí i nínú oòrùn. Ẹni tí ó bá gé e sí méjì yóò mu lítà méjì ààbọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ìdajì lítà pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́ tí kò nílò sísè, àti lítà mẹ́ta láàárọ̀. Mẹ́fà nìyẹn. Ẹ fi lítà kan lé e, kí ó wà nínú ìgò tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àpò, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án títí ẹ óò fi fojú ara yín rí omi ní Barrel Spring.

Olùtọ́jú dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ètò tí Olókè là sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara, nítorí iṣẹ́ ìlera ni mo ń ṣe, mo sì ti rí i pé àwọn tí ń rìn nínú ooru máa ń ka iye omi inú ìgò ju bí wọ́n ti ń ka àmì ara wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ̀rẹ́ yín lóhùn. Ó dára kí ènìyàn mu omi dáadáa kí ó tó gbéra, ìdajì lítà sí lítà kan láàárín wákàtí kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn kò ní ibi tí ó ń tọ́jú omi pamọ́ sí de ọ̀sán. Ohun tí ó bá ti kọjá ohun tí ẹ̀jẹ̀ nílò, kíndìnrín yóò sọ ọ́ di ìtọ̀ kí ẹ tó rin ìrìn wákàtí méjì. Nítorí náà, omi òwúrọ̀ kò lè rọ́pò omi tí ó yẹ kí ó wà lẹ́yìn yín.

Ewu kejì sì wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ń mu omi lásán lámujù, tí kò jẹ nǹkan oníyọ̀, lè fi omi fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù. Orí yóò máa fọ́ ọ, èébì yóò máa gbé e, ọkàn rẹ̀ yóò sì dàrú, àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ yóò sì rò pé òùngbẹ ni, wọn yóò tún fún un ní omi sí i. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí òùngbẹ máa darí yín, ẹ má ṣe mu tó lítà kan ààbọ̀ láàárín wákàtí kan rárá, kí ẹ sì máa jẹ nǹkan tí ó ní iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Nínú atẹ́gùn gbígbẹ, òógùn máa ń gbẹ kí ó tó ṣàn, ènìyàn lè rò pé òun kò làágùn. Ẹ wo aṣọ yín níbi tí okùn àpò ti ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́jìká: ẹ óò rí ìlà funfun kan tí ó dì gan-an nígbà tí ẹ bá fọwọ́ rà á. Iyọ̀ ara yín nìyẹn.

Ohun tí ó jẹ mí lógún jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé nǹkan bí ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún yín lórí ìrìn ni ẹ óò dé Scissors Crossing. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ara tó mọ ooru lára, kí òógùn tó máa tètè jáde, kí iyọ̀ tí ń bá a jáde sì tó dínkù. Ara yín kò ní tíì parí ìmúra rẹ̀ nígbà náà, ẹsẹ̀ yín ì báà le tó báwo. Èyí nìkan tó ìdí fún mi láti má ṣe rìn láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àkókò yìí kan náà ni àwọn olùṣọ́ ọgbà Grand Canyon máa ń kìlọ̀ fún àwọn àlejò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pé kí wọ́n má ṣe wà lójú ọ̀nà.

Bí orí bá ń fọ́ ọ̀kan nínú yín, tí agara dá a, tí òógùn ṣì ń bò ó, ẹ dúró síbòòji, ẹ tú bàtà rẹ̀, ẹ fún un ní omi àti iyọ̀, yóò sábà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìsọkúsọ tàbí tí kò lè dúró dáadáa mọ́, tí ara rẹ̀ sì gbóná janjan, ooru inú ara rẹ̀ lè ti tó ìwọ̀n 40, ìyẹn sì lè pa á láàárín àkókò kúkúrú. Ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ sì ké sí àwọn adóòlà lójú ẹsẹ̀. Má dúró wò ó pé bóyá yóò sàn. Omi tí ẹ bá dà sí ẹni bẹ́ẹ̀ lára kò ṣòfò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ omi tí ẹ fẹ́ mu.

Ọmọ Ọ̀nà dáhùn pé:

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n Olókè, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí Arìnnàjò gbé òru rù bí ẹni pé kò ní ewu tirẹ̀. Ọ̀nà San Felipe Hills há, ẹ̀gbẹ́ òkè ni ó ń rọ̀ mọ́, ó ń wọ inú kọ̀rọ̀ òkè kan jáde sí òmíràn ní gbogbo ìgbà. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ ṣì gbóná, àwọn ejò olóró tí ń fi ìrù dún máa ń jáde sójú ọ̀nà. Wọn kì í lépa ènìyàn, wọ́n sì sábà máa ń fi ìró ìrù wọn kìlọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti rẹ̀ tí ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn lè tẹ̀ wọ́n kí ó tó gbọ́. Bí ẹ óò bá rìn lẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣú, kí tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mọ́ orí wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí bátìrì rẹ̀ kún, kí etí yín sì ṣí sílẹ̀, láìfi orin dí i. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má fa ojú ibẹ̀ lẹ́nu, ẹ má fi abẹ là á, ẹ má sì fi okùn dì í. Ilé ìwòsàn tí ó ní oògùn apa-oró ni kí ẹ wá.

Èmi yàn láti jí ní ìdájí, kí n rìn títí oòrùn yóò fi le, kí n wá sinmi. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kọ́kọ́ yọ lórí àwọn òkè yẹn, ẹ óò rí àwọn igi ocotillo tí ẹ̀ka wọn gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n kún fún ẹ̀gún láti ìdí dé orí, tí òdòdó pupa sì wà ní ṣóńṣó wọn ní irú àsìkò tí ẹ fẹ́ lọ yìí. Ó dùn mí pé àwọn kan ń gba ibẹ̀ kọjá lóru láìrí i.

Ní ti ibòòji, ẹ gbé e dání. Agboòrùn fífúyẹ́ tí òde rẹ̀ ń dán bí fàdákà dára ju akẹtẹ̀ lọ, nítorí ó bo èjìká àti àpò pẹ̀lú. Nígbà ìsinmi, ẹ tú bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, ẹ gbọn iyanrìn inú wọn dànù, kí ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbẹ pátápátá kí ẹ tó tún wọ̀ wọ́n. Iyanrìn wẹ́wẹ́ tí ó bá òógùn pọ̀ lábẹ́ ìka ẹsẹ̀ ni ó ń fa ìléròrò, àti pé ìléròrò ní àárín kìlómítà 38 yóò sọ ìrìn wákàtí mẹ́wàá di mẹ́rìnlá, a sì ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún omi. Ẹ tún mú òòyà kan dání. Káktọ́sì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cholla, tí ègé rẹ̀ máa ń já lé ènìyàn lára tí yóò sì dì mọ́ ọn pinpin. Ẹ má fi ọwọ́ fà á, yóò kàn tún gún ọwọ́ náà ni. Ẹ ki eyín òòyà bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fà á kúrò lẹ́ẹ̀kan náà.

Omi Third Gate wà lóòótọ́, àwọn tí ń kó o lọ síbẹ̀ sì ń ṣe é láìgba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ń bójú tó Pacific Crest Trail gan-an ń gba arìnrìnàjò nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe ètò. Ó lè tán ní ọjọ́ tí ẹ dé. Bí ẹ bá bá a níbẹ̀, ẹ mu ìwọ̀nba, kí ẹ fi èyí tí ó kù sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn tí ó lè wà nínú ewu.

Arìnnàjò tún kọ ọ́ pé:

Ẹ ṣeun gidigidi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ka èsì wọ̀nyí fún ọ̀rẹ́ mi, ó sì gbà pé kí a gé ìrìn náà sí méjì. Ìbéèrè méjì ni ó kù wá kù. Irú ibo ni kí a pàgọ́ sí ní alẹ́ náà? Bí a bá sì dé Barrel Spring tí a bá a ní gbígbẹ ńkọ́?

Olókè dáhùn pé:

Ẹ yẹra fún ojú àgbàrá, ìyẹn àwọn ọ̀nà oníyanrìn tí ó tẹ́jú láàárín òkè méjì. Wọ́n máa ń fa ojú mọ́ra nítorí pé wọ́n dẹ̀, wọn kò sì lókùúta, àmọ́ omi ló tẹ́ wọn bẹ́ẹ̀. Òjò tí ó rọ̀ ní òkè réré, níbi tí ẹ kò ti gbọ́ ìró rẹ̀, lè kó omi dé bá yín lójú oorun, pàápàá nítorí pé ilẹ̀ líle tí ó gbẹ kì í tètè fa omi mu. Ẹ má sì pàgọ́ sí góńgó òkè, atẹ́gùn alẹ́ ibẹ̀ le. Ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó tẹ́jú díẹ̀, tí ó ga ju ojú àgbàrá lọ, tí ẹlòmíràn sì ti sùn sí rí, ni kí ẹ wá. Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ọ̀nà nípa ejò tọ́. Bí ẹ bá rí irú ibẹ̀ ní aago méje, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ jí ní ìdajì wákàtí ṣáájú.

Ní Barrel Spring, omi máa ń gba inú ọ̀pá bọ́ sínú ọpọ́n kan lábẹ́ àwọn igi ńlá. Ẹ sẹ́ ẹ, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko kí ẹ tó mu ún. Ibẹ̀ kò ga tó 2,000 mítà tí ó fi ní láti hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí kò bá sí omi, Warner Springs wà ní nǹkan bíi kìlómítà 13 síwájú, ọ̀nà ibẹ̀ sì rọrùn ju ti òkè lọ, ó ń gba inú pápá koríko kọjá lẹ́bàá àpáta Eagle Rock. Lítà kan tí mo ní kí ẹ fi pamọ́ yẹn ni ẹ óò fi dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbéra ní ọ̀sán. Ẹ jókòó sábẹ́ àwọn igi náà títí di aago mẹ́rin.

Ẹ wo ìròyìn omi tí àwọn arìnrìnàjò máa ń kọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò ní Julian, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ìròyìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn kò wúlò ní ìparí oṣù Kẹrin. Bí ẹ bá ti mọ ọjọ́ tí ẹ óò gbéra, ẹ kọ ọ́ síbí, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣáájú yín kọjá níbẹ̀ lè sọ bí ìsun náà ṣe rí.